Tẹlifóònù Pupa Tí Kò Sí Rí: Bí Wáyà Washington àti Moscow Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti rí i nínú fíìmù: tẹlifóònù pupa wà lórí tábìlì ààrẹ Amẹ́ríkà, ó dún, ààrẹ gbé e, olórí Rọ́ṣíà ló ń sọ̀rọ̀ lódìkejì. Kò sí tẹlifóònù bẹ́ẹ̀ rí. Wáyà tí wọ́n nà láàárín Washington àti Moscow ní 1963, ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá, kì í gbé ohùn ẹnikẹ́ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, mo sì gbà pé ọgbọ́n ńlá wà níbẹ̀.

Kúbà lọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀, erékùṣù tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé Ṣàngó àti Ọ̀ṣun dé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe amí ya àwòrán ibi tí àwọn ọmọ ogun Sófíẹ̀tì, orílẹ̀-èdè ńlá tí Rọ́ṣíà jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà, ti ń to ohun ìjà tó lè gbé bọ́ǹbù átọ́míìkì. Láti etí òkun Kúbà dé ti Florida ní Amẹ́ríkà kò ju nǹkan bí 150 kìlómítà lọ. Ọjọ́ mẹ́tàlá gbáko ni gbogbo ayé fi mí sókè sódò.

Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù náà, Nikita Khrushchev, olórí Sófíẹ̀tì, kọ lẹ́tà gígùn sí John Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà, ó ń wá bí wọ́n ṣe máa tú okùn tí àwọn méjèèjì ti so ní kókó. Wọ́n gbé e lọ sí iléeṣẹ́ ikọ̀ Amẹ́ríkà ní Moscow. Níbẹ̀ ni wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ di àmì àṣírí, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ ní ìdá-ìdá. Ó tó nǹkan bíi wákàtí 12 kó tó pé lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sí. Wọn ò tíì fèsì tí rédíò Moscow fi ka lẹ́tà kejì sétí gbogbo ayé ní ọjọ́ 27, èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà kan lójú sánmà Kúbà, tí awakọ̀ rẹ̀, Rudolf Anderson, sì kú.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ohun tí Anatoly Dobrynin, ikọ̀ Sófíẹ̀tì ní Washington nígbà náà, padà wá sọ. Tó bá fẹ́ ránṣẹ́ sílé lórí ọ̀rọ̀ tó lè pa ayé rẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti iléeṣẹ́ tẹligíráàmù ló ń gun kẹ̀kẹ́ wá gbà á. Wọ́n á máa gbàdúrà kó má lọ dúró bá ọmọge kan tàkúrọ̀sọ lọ́nà.

Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó ti ronú kàn án tẹ́lẹ̀. Ní 1960, Jess Gorkin, olóòtú ìwé ìròyìn Parade, ti kọ lẹ́tà ìta gbangba pé kí wọ́n fa wáyà láàárín àwọn olórí méjèèjì. Kúbà ló sọ ọ́ di dandan. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà 1963, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Geneva, nígbà tó sì di ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ, wáyà náà ti ń ṣiṣẹ́. Láti Washington ó gba abẹ́ òkun dé London, ó kọjá sí Copenhagen, Stockholm àti Helsinki, kó tó wọ Moscow. Ọ̀nà rédíò kan gba Tangier ní Mòrókò, bí wáyà bá já. Ó sì ń já lóòótọ́: àgbẹ̀ kan ní Finland fi ìtúlẹ̀ gé e nínú oko.

Kí ló dé tí kì í fi ṣe ohùn? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹni tí inú ń bí lè sọ ohun tí kò ṣeé kó mọ́, ògbufọ̀ tó ń kánjú sì lè sọ àbá di ìhàlẹ̀. Kálukú ń fi èdè tirẹ̀ kọ ọ́, àwọn tó gbà á ló ń túmọ̀ rẹ̀, wọ́n á kà á, wọ́n á tún un kà, kí wọ́n tó fèsì. Amẹ́ríkà kó ẹ̀rọ tó ń tẹ álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Moscow, Sófíẹ̀tì náà kó èyí tó ń tẹ ti Rọ́ṣíà wá sí Washington. Téèpù tí wọ́n fi ń bo àṣírí ọ̀rọ̀ kì í ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dán wáyà náà wò, àwọn òṣìṣẹ́ á fi àyọkà ìwé ránṣẹ́ síra wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀nà ṣì là.

Oṣù kẹfà 1967 la rí ìwúlò rẹ̀, nígbà tí ogun bẹ́ láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn orílẹ̀-èdè Árábù. Aleksei Kosygin, olórí ìjọba Sófíẹ̀tì, ló kọ́kọ́ kọ̀wé sí Lyndon Johnson, ààrẹ Amẹ́ríkà. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n rí i pé Pentagon, orílé-iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà, ni wáyà náà parí sí, kò dé ọ̀dọ̀ ààrẹ rárá. Wọ́n ní láti sáré ṣe é kó lè dé White House. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ojú omi ogun Ísírẹ́lì kọ lu ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà kan, USS Liberty. Amẹ́ríkà fẹ́ rán ọkọ̀ òfuurufú lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn ọkọ̀ ogun Sófíẹ̀tì sì wà nínú òkun kan náà. Johnson kọ ọ́ sí Kosygin pé ìwádìí lásán ni wọ́n ń bá lọ. Ìwé kékeré yẹn ni kò jẹ́ kí Moscow rò pé ogun ló ń bọ̀.

Láti ìgbà náà, àwọn alágbára mìíràn ti fa tiwọn. Wáyà Washington àti Moscow di sátẹ́láìtì ní 1978, ó di ẹ̀rọ fáàsì ní 1986. Amẹ́ríkà àti Ṣáínà fọwọ́ sí tiwọn ní 1998, ti àwọn ọmọ ogun tẹ̀lé e ní 2008. Ìyẹn jẹ́ tẹlifóònù gidi, àmọ́ ní oṣù kejì 2023, nígbà tí Amẹ́ríkà já bàlúùnù Ṣáínà kan, àpò ńlá tí gáàsì gbé fò, bọ́ láti ojú sánmà, mínísítà ètò ààbò Amẹ́ríkà ní òun fẹ́ bá ẹlẹgbẹ́ òun ní Beijing sọ̀rọ̀, Beijing kọ̀. Ó di oṣù kọkànlá ọdún náà, nígbà tí Joe Biden, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, àti Xi Jinping, olórí Ṣáínà, pàdé nítòsí San Francisco, kí wọ́n tó gbà pé kí àwọn ọ̀gágun wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀.