Ta ló ní ọmọ orangutan ti já lẹ́nu ọmú?

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé bí ọmọ ọ̀bọ tàbí ìnàkí bá ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ já èso jẹ, ó ti já lẹ́nu ọmú nìyẹn, kò tún ní padà síbẹ̀ mọ́. Ohun tí ojú rí ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó nínú igbó. Orí igi gíga ni orangutan, ìnàkí ńlá onírun pupa ilẹ̀ Éṣíà, ń gbé, ọmọ sì lè mu ọmú mọ́jú nínú ìtẹ́ ìyá rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Eyín ló tú àṣírí náà. Láti ìgbà tí eyín ti ń dàgbà nínú èrìgì ni apá funfun líle tó bò ó ti ń fi ìlà tín-ín-rín kan kún ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọjọ́ ìbí pàápàá ní ìlà tirẹ̀, ibẹ̀ la sì ti ń ka ọjọ́ orí. Egungun a máa tún ara rẹ̀ ṣe. Apá eyín yìí ní tirẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wọ̀ ọ́, ó wọ̀ ọ́ náà nìyẹn.

Báríọ̀mù, èròjà kan tó wà nínú ọmú ìyá, wà lára ohun tó ń wọ̀ ọ́, torí ó jọ kálísíọ̀mù tí eyín fi ń le. Díẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú oyún. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọmú, á ròkè. Bí oúnjẹ mìíràn bá ń gba ipò ọmú, á relẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì á la eyín, wọ́n á fi iná lésà họ àwọn ìlà náà díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ á sì wọn báríọ̀mù inú ohun tí wọ́n họ.

Ní 2017, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún eyín àwọn orangutan inú igbó Borneo àti Sumatra, erékùṣù méjì ní Éṣíà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, báríọ̀mù relẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún gòkè, ó tún relẹ̀, léraléra, títí ọ̀kan nínú wọn fi lé lọ́mọ ọdún 8. Àlàyé tó bá a mu jù ni pé bí èso bá wọ́n, ọmọ á padà sẹ́nu ọmú.

Ní 2019, irú lílọ sókè-sódò bẹ́ẹ̀ tún hàn nínú eyín Australopithecus africanus, ẹ̀dá ayé àtijọ́ kan tó bá èèyàn tan, láti Sterkfontein, South Africa, tó ti lé ní mílíọ̀nù ọdún méjì. Níbẹ̀ ṣá, ẹ má tètè pariwo ọmú: eyín tó pẹ́ nínú ilẹ̀ lè fa báríọ̀mù látinú iyẹ̀pẹ̀, èyí ló sì yẹ kéèyàn kọ́kọ́ yẹ̀ wò.