Kí Ló Dé Tí Òpó Tábìlì Word Fi Ń Fẹ̀ Fúnra Rẹ̀?

Mo ṣe tábìlì olópòó (column) mẹ́rin nínú Word, gbogbo wọn dọ́gba. Bí mo ṣe tẹ ọ̀rọ̀ sí òpó kejì báyìí, ó fẹ̀, àwọn tó kù sì fún pọ̀. Kí ló fà á?

AutoFit ni. Tí ẹ kò bá pa á, Word á máa wo ọ̀rọ̀ tó gùn jù nínú òpó, á sì fẹ òpó náà títí ọ̀rọ̀ yẹn á fi gbà. Àdírẹ́sì ìkànnì ló sábà ń dá a sílẹ̀: kò sí àlàfo nínú rẹ̀, Word kò sì ríbi gé e sí ìlà kejì.

Ẹ tẹ inú tábìlì náà, kí ẹ lọ sí Layout tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Table Design, kì í ṣe Layout ti ojú ìwé. Ẹ tẹ AutoFit, ẹ mú Fixed Column Width. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó tẹ Distribute Columns kí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tún dọ́gba. Ẹ má ṣe Distribute nìkan kí ẹ wá fi AutoFit sílẹ̀. Àdírẹ́sì gígùn mìíràn á tún bà á jẹ́.

Tí mo bá fi mouse fa ìlà òpó kan, òpó kejì náà ń yí.

Word kò fẹ́ kí tábìlì lápapọ̀ fẹ̀ sí i, ìdí nìyẹn tó fi ń gbà lọ́wọ́ òpó kan fún ìkejì. Ẹ di Shift mú bí ẹ ṣe ń fà á: òpó ọwọ́ òsì nìkan ló máa yí. Tó bá jẹ́ Alt lẹ di mú, ìwọ̀n á hàn lórí rúlà.

Ọ̀rọ̀ mi lẹ̀ mọ́ ìlà òkè. Ṣé kí n máàkì Allow spacing between cells?

Rárá o. Ìyẹn ń ya àwọn àpótí (cell) sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ìlà á wá di méjì-méjì. Cell margins lẹ nílò: ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún mouse nínú tábìlì náà, ẹ lọ sí Table Properties, lẹ́yìn náà Options. Ẹ máa rí 0.19 cm lọ́tùn-ún lósì, àmọ́ òdo ni tòkè àti tìsàlẹ̀, òun ló jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ìlà. Ẹ fi 0.1 cm sí méjèèjì.

Tí ọ̀rọ̀ bá wá gé lágbedeméjì lẹ́yìn èyí, ẹ wo Row nínú Table Properties kan náà. Exactly ló wà níbẹ̀, kò jẹ́ kí àpótí ga sí i. Ẹ sọ ọ́ di At least.