Bí Àkọsílẹ̀ Ẹran Ìgbẹ́ àti Ẹyẹ Ṣe Ń Wáyé Nínú Oko Kòkó Ńlá Lágbègbè Àkúrẹ́

Ní àwọn oko kòkó àtijọ́ tó wà láàárín Àkúrẹ́ àti Ìdànrè, àti àwọn tó wà lọ́nà Igbátòrò tàbí létí odò Owénà, kò ṣòro láti mọ irú ẹran tó ń gbé ibẹ̀ bí a bá bi àgbà ọdẹ. Yóò ka ọ̀yà, òkété, ẹtu, òòrẹ̀, akíka, ọ̀kẹ́rẹ́ àti ọ̀bọ láì dánu dúró. Ìmọ̀ ńlá nìyẹn, kò sì sí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lè ṣiṣẹ́ gidi nínú oko bẹ́ẹ̀ láìsí i. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà lẹ́nu yẹn, kò tíì di àkọsílẹ̀. Ẹtu tí bàbá náà dárúkọ lè jẹ́ èyí tó rí láàárọ̀ àná, ó sì lè jẹ́ èyí tó pa nígbà tí kòkó oko náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so.

Ohun mẹ́rin ló ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di àkọsílẹ̀: irú ẹ̀dá tí wọ́n rí, ibi tí wọ́n ti rí i, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n rí i, àti orúkọ ẹni tó rí i. Bí ọ̀kan bá sọnù nínú wọn, ẹlòmíràn kò ní lè padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dára kéèyàn fi ìkarùn-ún kún un, ìyẹn ọ̀nà tó gbà mọ̀: ṣé ojú ló fi rí i, àbí ohùn rẹ̀ ló gbọ́, àbí ẹsẹ̀, imí tàbí irun rẹ̀ ló bá nílẹ̀. Ẹni tó gbọ́ igbe àgbìgbò kò purọ́ bó bá ní àgbìgbò wà nínú oko, kó ṣáà kọ ọ́ pé igbe ni òun gbọ́.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lórí òkè Ìdànrè tó fi hàn bí ọ̀rọ̀ ibi ti ṣe pàtàkì tó. Sclerophrys perreti ni àwọn onímọ̀ ń pè é, kò sì síbòmíràn láyé tí wọ́n tíì rí i yàtọ̀ sí àwọn àpáta Ìdànrè. Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ju 40 ọdún lọ tí ìròyìn rẹ̀ fi dákẹ́, títí àwọn olùwádìí fi tún un rí, tí wọ́n sì gbé ìròyìn náà jáde ní 2014. Orí àpáta yẹn náà ni wọ́n ti bá a. Wọ́n mọ ibi tó yẹ kí wọ́n wá a lọ nítorí pé àwọn tó kọ́kọ́ rí i dárúkọ ibẹ̀. Ká ní ohun tí wọ́n kọ kò ju “ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà” lọ, ta ni yóò máa gun àpáta kiri nítorí ọ̀pọ̀lọ́?

Nítorí náà, àwòrán ilẹ̀ oko ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Wọ́n á rìn yí ààlà oko po, fóònù tó ní GPS lọ́wọ́, wọ́n á sì pín ilẹ̀ náà sí irú ibi tó wà nínú rẹ̀: kòkó tó wà lábẹ́ àwọn igi ńlá bí ìrókò, àfàrà àti àràbà, kòkó tí oòrùn ń ràn sí lórí gbangba, oko àtijọ́ tó ti padà di igbó, àkùrọ̀, etí odò, àti àpáta. Ibi kọ̀ọ̀kan á gba nọ́ńbà tirẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀dá kì í pín ara wọn dọ́gba káàkiri oko. Oko tó ní igi ńlá lórí kòkó rẹ̀ máa ń ní ẹyẹ inú igbó tí oko gbangba kò lè ní, ọlóko tó ń rò bóyá kóun gé ìrókò tà gbọ́dọ̀ lè rí ìyàtọ̀ yẹn nínú ìwé ara rẹ̀.

Ẹyẹ ló máa ń kọ́kọ́ kún ìwé, torí pé wọ́n pọ̀, wọn kì í sì í sá tó ẹran. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá ni wọ́n ń ké jù. Lábẹ́ kòkó, etí ń ṣiṣẹ́ ju ojú lọ: àparò ń ké nílẹ̀, elúlùú ń ké nínú igbó ṣúúrú, ariwo ìyẹ́ àtíòro sì máa ń ṣáájú kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Ẹni tí kò mọ ohùn ẹyẹ yóò gbà pé oko náà ṣófo. Ìlànà kan wà fún iṣẹ́ yìí tó yẹ kí àwọn ọlóko mọ̀, ti Nigerian Bird Atlas Project, tí APLORI, ilé ìwádìí ẹyẹ tó wà ní Jos, wà lára àwọn tó gbé e dúró. Wọ́n pín gbogbo Nàìjíríà sí igun mẹ́rin mẹ́rin, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ́ tó nǹkan bí kìlómítà 9. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ẹyẹ igun kan sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi wákàtí méjì ó kéré tán wò ó dáadáa, ó sì lè máa fi ẹyẹ tuntun kún ìwé náà títí ọjọ́ 5. Bó ṣe ń rí wọn tẹ̀léra ni yóò ṣe máa kọ wọ́n. Áàpù BirdLasser lórí fóònù ló ń gba orúkọ wọlé, òun náà ló ń so ibi àti àkókò mọ́ ọn.

Ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò jọra rárá nínú ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró ni lékelèké máa ń ya wọ gúúsù láti ìhà àríwá, ìgbà ọyẹ́ sì ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó sá fún òtútù Yúróòpù máa ń wà lójú ọ̀run wa. Oko tí wọ́n yẹ̀ wò ní oṣù kẹfà nìkan kò tíì rí wọn. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lásìkò òjò àti ẹ̀ẹ̀kan lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹran ló ń gba sùúrù jù. Púpọ̀ nínú wọn, òru ni wọ́n ń rìn, àwọn tó sì ń rìn lọ́sàn-án ti gbọ́ bàtà èèyàn kí èèyàn tó rí wọn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà bá wọn pàdé. Ọ̀nà kìíní ni ìrìn lórí ìlà tí wọ́n ti là sílẹ̀, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi kìlómítà kan ní wákàtí kan, kí wọ́n máa dúró gbọ́, kí wọ́n sì máa wo òkè àti ilẹ̀. Ọdẹ ló yẹ kó ṣáájú níbẹ̀. Òun ló máa mọ̀ pé ihò yìí ti òòrẹ̀ ni, pé koríko tí wọ́n gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí ọ̀yà ló jẹ ẹ́, pé ẹsẹ̀ ẹtu inú ẹrẹ̀ yìí kò tíì ju àárọ̀ òní lọ.

Ọ̀nà kejì ni kámẹ́rà tí wọ́n ń so mọ́ ìdí igi. Ó ní ohun kan lójú tó ń mọ ooru ara. Bí ohun tí ara rẹ̀ gbóná ju ilẹ̀ ibẹ̀ lọ bá kọjá níwájú rẹ̀, á ya fọ́tò, ìbáà jẹ́ ọ̀sán tàbí òru. Ojú ipa ẹran ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí 50 sílẹ̀, torí pé ẹran kékeré ló pọ̀ nínú oko kòkó. Bí wọ́n bá so ó ga bí àyà èèyàn, òkété á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ ní tirẹ̀. Wọ́n á gé ewé tó wà níwájú rẹ̀, nítorí ewé tí atẹ́gùn ń mì lójú oòrùn lè mú kó ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò tí kò sí ẹran kankan nínú rẹ̀. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ yẹ aago rẹ̀ wò nígbàkígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ bátìrì, torí pé kámẹ́rà mìíràn á padà sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, gbogbo fọ́tò tó bá yà lẹ́yìn náà á sì gbé ọjọ́ irọ́ wálé. Èèrà fẹ́ràn láti kọ́lé sínú àpótí rẹ̀. Ejò, àkèré àti alángbá kì í sábà hàn nínú rẹ̀, torí ara wọn kò gbóná bíi ti ẹran.

Ohun tí fóònù lásán lè ṣe lóru kò kéré sí ti kámẹ́rà. Ọ̀fàfà, ẹran kékeré orí igi tí igbe rẹ̀ máa ń gba igbó kan, ni ẹ̀rí rẹ̀. Igbe yẹn wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ gbọ́ tí wọ́n fi mọ̀ pé ọ̀fàfà tó wà láàárín odò Ọya àti odò Volta yàtọ̀ sí àwọn yòókù: àwọn yòókù ń han, èyí ń gbó. Ní 2021 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tuntun, Dendrohyrax interfluvialis. Inú ilẹ̀ tó wà láàárín odò méjèèjì yẹn gan-an ni Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà. Ọdẹ tó bá gba igbe ọ̀fàfà sílẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, tó sì sọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tó wà sórí ohùn náà kó tó dá gbígbà rẹ̀ dúró, ti ṣe àkọsílẹ̀ tí onímọ̀ ibikíbi láyé lè gbọ́ kó sì gbà.

Ti eku kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ń bá jà jù ní Nàìjíríà, eku ló sì ń gbé kòkòrò àrùn náà káàkiri nínú ìtọ̀ àti imí rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tí wọn kò kọ́ níṣẹ́ náà mú eku lọ́wọ́ nítorí àkọsílẹ̀, kó má sì pa á láti fi ṣe ẹ̀rí. Fọ́tò láti ọ̀kánkán tó. Bí kò bá ṣeé dá mọ̀ nínú fọ́tò, “eku” ni kí wọ́n kọ.

Àkèré àti ọ̀pọ̀lọ́, alẹ́ ọjọ́ tí òjò rọ̀ ni ká lọ wá wọn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Labalábá máa ń wá sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà. Èyí tí ọ̀pọ̀ ọlóko kì í kà sí ni àwọn eṣinṣin tín-ín-tín tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń gbé àtíkè òdòdó kòkó láti ìkan dé èkejì. Láìsí wọn, òdòdó á kàn rẹ̀ dànù ni. Inú èèpo kòkó àti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń jẹrà ni wọ́n ti ń pamọ. Ìwé ẹ̀dá oko kòkó tí kò dárúkọ wọn kò tíì pé.

Lórí orúkọ, ibi tí ìmọ̀ ẹni dé ni kéèyàn kọ, kó má gbé e kọjá bẹ́ẹ̀. Ọ̀bọ tó wà nínú àwọn igbó wa ju irú kan lọ: èyí tó ní àmì funfun méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìrù yàtọ̀ sí èyí tó ní irun funfun lọ́rùn, tí kò sí níbòmíràn láyé ju apá díẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí kò rí ọrùn tí kò sì rí ìdí ìrù, kó kọ “ọ̀bọ”, kó kọ iye tó rí àti àwọ̀ tó rí. Orúkọ tí àwọn ará abà ń pè é gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé pẹ̀lú, bí wọ́n ṣe pè é gan-an, yálà ará Àkúrẹ́ ni, ará Ìdànrè tàbí ará Oǹdó. Bí fọ́tò bá wà, wọ́n lè gbé e sórí iNaturalist, ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn ń kó fọ́tò ẹ̀dá sí, kí àwọn tó mọ irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ bá wọn fi orúkọ rẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀nà tún wà ní Àkúrẹ́ níhìn-ín: FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní àbójútó ẹran ìgbẹ́.

Ibi tí àkọsílẹ̀ ti sábà ń bàjẹ́ ni pé àwọn èèyàn kì í kọ ọjọ́ tí wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n rìn láti aago mẹ́fà sí mẹ́wàá, wọn kò rí ẹran kankan, wọ́n sì pa ìwé dé. Àdánù gidi ni. Ká sọ pé kámẹ́rà 5 wà nínú oko fún òru 20. Òru 100 nìyẹn, bí a bá ka òru kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ẹtu bá hàn ní 8 nínú òru wọ̀nyí, tó sì jẹ́ pé 3 péré ni lọ́dún kejì nínú òru 100 mìíràn, ọlóko ti ní ohun tó lè fi béèrè ìbéèrè. Ṣùgbọ́n bó bá kọ ẹtu 8 sílẹ̀ tí kò kọ òru 100, kò sí ohun tó lè fi wé. Kòkó tí wọn kò gbé lórí òṣùwọ̀n ni. Ẹ wo igún, tó kún ìlú àti ọjà wa nígbà kan rí. Ní 2015 ni wọ́n gbé igún tó ń bá èèyàn gbé ìlú lọ sí ipò àwọn ẹ̀dá tó sún mọ́ ìparun jù lọ láyé. Àgbàlagbà ìlú ń rántí pé wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìwé tó yẹ kó sọ ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù ní ìlú kọ̀ọ̀kan, a kò kọ wọ́n.

Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé kọ́ ni aráyé gbọ́dọ̀ rí o. Òfin àgbáyé tó ń bójú tó òwò ẹ̀dá tó wà nínú ewu ti ka títà akíka kọjá ààlà orílẹ̀-èdè léèwọ̀ láti 2017, síbẹ̀ àwọn tó ń wá a kò dáwọ́ dúró. Bí èèyàn bá fi ihò akíka hàn gedegbe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti júwe ọ̀nà fún wọn. iNaturalist máa ń fi ibi gan-an tí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ wà pamọ́ sínú igun kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lé ní kìlómítà 20, eBird, ìkànnì àkọsílẹ̀ ẹyẹ, náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún odídẹrẹ́. Ìwé tó wà lọ́wọ́ ọlóko ló máa gbé ibi gan-an. Bákan náà ni orúkọ ọdẹ: ó tọ́ kó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì san owó ọjọ́ rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n òun ni kó sọ bóyá kí wọ́n gbé orúkọ òun síta. Bí ọdẹ bá fura pé ohun tóun sọ lè padà wá dá òun lẹ́jọ́, kò ní sọ òdodo mọ́.

Ẹ̀dà ìwé náà yẹ kó wà níbi méjì, ọ̀kan lábà, ọ̀kan nílùú. Kí wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára igi tí wọ́n so kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan mọ́ àti ibi tí ìlà ìrìn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé lọ́dún tó ń bọ̀, oṣù kan náà, wákàtí kan náà àti ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n máa tún gbà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n máa rán.