Ibi tí quorum ti wá: ìdí tí sáfà méjì ò fi lè dá ìpinnu ṣe láìsí ẹnìkẹta

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ to sáfà méjì pọ̀, kí ọ̀kan lè gbaṣẹ́ tí ìkejì bá kú, ló máa ń dé ibì kan tí sọ́fítíwíà á ti bi í pé irú quorum wo lo fẹ́, ìyẹn iye ìbò tó gbọ́dọ̀ pé kí sáfà tó lè máa ṣiṣẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ nínú wa á sì kàn tẹ Next kọjá. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i, torí gbogbo nǹkan tí wọ́n tò síbẹ̀ yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ọdún tó délé ayé àti wàhálà tó bí i, ẹni tó bá sì ti mọ wàhálà tó bí i, kò ní pẹ́ kó tó mọ èyí tó bá ilé tiẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí wàhálà ọ̀hún. Sáfà A ń ránṣẹ́ sí sáfà B lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé mo wà o, B náà ń dáhùn pé èmi náà wà. Ọjọ́ kan wá dé tí A ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó lè jẹ́ pé B ti jóná, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló fẹsẹ̀ kọ́ wáyà, ó sì lè jẹ́ pé switch tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni iná ti lọ lórí ẹ̀. Lọ́dọ̀ A bákan náà ni gbogbo ẹ̀ ṣe rí, kò gbọ́ ohùn, ó tán. Tó bá wá gbà pé B ti kú, tó gbaṣẹ́, tó sì jẹ́ pé B wà láàyè tóun náà ń rò pé A ló kú, àwọn méjèèjì á di ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan náà, òun làwọn onísáfà ń pè ní split-brain. Tó bá jẹ́ dísìkì kan ni wọ́n jọ ń lò, wọ́n á kọ̀wé lé ara wọn lórí títí dísìkì á fi bàjẹ́. Tó bá jẹ́ pé kálukú ló ní dísìkì tiẹ̀ ńkọ́? Owó tí kọ́sítọ́mà san láàárọ̀ á wà lọ́dọ̀ A, ọjà tí wọ́n tà lọ́sàn-án á wà lọ́dọ̀ B, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè dà wọ́n pọ̀ padà, èèyàn ló máa jókòó tì í tí á máa tò ó ní ìlà kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tó lè gba ọ̀sẹ̀.

Ọdún 1979 ni ìdáhùn tó lórí jáde, ẹni méjì ló sì mú un wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́dún kan náà. Robert Thomas tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ BBN ní Massachusetts sọ pé tí ẹ̀dà dátà bá wà lórí kọ̀ǹpútà púpọ̀, kí àyípadà kankan má wọlé àfi tí èyí tó ju ìdajì lọ bá fọwọ́ sí i. David Gifford ní tiẹ̀ sọ pé kò pọn dandan kí ìbò gbogbo wọn dọ́gba, ẹ̀rọ tó ṣeé gbára lé lè ní ìbò méjì, òmíràn lè ní ẹyọ kan, òmíràn ò sì ní ní rárá, tí iye ìbò tá a fi ń kà àti iye tá a fi ń kọ bá ṣáà ti ju gbogbo ìbò lọ tá a bá rò wọ́n pọ̀, ẹni tó ń kà á ṣáà bá ẹ̀dà kan ó kéré tán tó ní ohun tí wọ́n kọ kẹ́yìn.

Àwọn kan máa ń béèrè pé kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ, ṣebí ilé aṣòfin àgbà wa l'Abuja, ìdá kan nínú mẹ́ta ni òfin 1999 ní kí wọ́n pé kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹni 37 nínú 109. Òótọ́ ni, ó sì tó wọn, torí gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni wọ́n ń jókòó sí, gbogbo wọn ń rí ara wọn. Ẹ wá gbé ògiri sí àárín gbọ̀ngàn yẹn tí ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ ohun tó ń lọ ní òdìkejì: ẹni 37 lè jókòó níbí, ẹni 37 mìíràn lè jókòó lọ́hùn-ún, kálukú á máa ṣòfin tiẹ̀. Tó bá jẹ́ 55 ni òfin béèrè, ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀, torí 109 ò lè bí 55 méjì. Ohun tó wà nídìí quorum sáfà ò ju ìyẹn lọ.

Orí ìwé ni gbogbo ìyẹn ṣì wà. Ibi tó ti di ohun tí ilé iṣẹ́ lè fowó rà ni ọ̀dọ̀ Digital Equipment Corporation, DEC tá a mọ̀, nílùú Maynard ní Massachusetts, tí wọ́n kéde VAXcluster lọ́dún 1983 (cluster ni sáfà tá a so pọ̀ kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan). Ká má parọ́, Tandem ní California ti ń ta ẹ̀rọ tí kì í tètè kú láti 1976, àmọ́ ẹ̀rọ àrà ọ̀tọ̀ nìyẹn, wọ́n dìídì ṣe é fún iṣẹ́ yẹn ni. DEC ní tiẹ̀ mú VAX, kọ̀ǹpútà tiẹ̀ táwọn oníbàárà ti ń lò tẹ́lẹ̀, ó so wọ́n mọ́ra, ẹ̀rọ títí dé 16, lórí wáyà tó ń gbé mílíọ̀nù 70 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gbogbo wọn jọ ń lo dísìkì kan náà. Dísìkì àjọlò yẹn ló sọ quorum di dandan, torí tí VAX méjì bá lọ pínyà tí kálukú sì ń kọ̀wé sórí ẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Nancy Kronenberg, Henry Levy àti William Strecker ṣàlàyé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1986, apá tí wọ́n pè ní connection manager ló sì ń ka ìbò.

Bó ṣe ń kà á nìyí o, ẹ bá mi ṣe é. Sáfà kọ̀ọ̀kan ní VOTES tiẹ̀, ẹ ó sì sọ fún un pé ìbò mélòó ló yẹ kó wà lápapọ̀, ìyẹn EXPECTED_VOTES. Ẹ ro 2 mọ́ EXPECTED_VOTES, ẹ pín in sí méjì, ẹ ju ààbọ̀ nù tó bá yọ. Sáfà mẹ́ta: 3 àti 2 jẹ́ 5, ìdajì ẹ̀ 2 àti ààbọ̀, ó ku 2. Tí ọ̀kan bá kú, méjì tó kù ní ìbò 2, iṣẹ́ ń lọ. Sáfà méjì ńkọ́? 2 àti 2 jẹ́ 4, ìdajì ẹ̀ 2. Quorum 2, sáfà 2! Ọ̀kan kú báyìí, èyí tó kù ò ní ju ìbò 1 lọ, òun náà á dúró. Ẹni tó ra sáfà kejì kí iṣẹ́ má bàa dúró ti wá sọ ohun tó lè dá iṣẹ́ ẹ̀ dúró di méjì dípò ẹyọ kan.

Ìdúró yẹn náà, VMS, ètò tó ń darí àwọn VAX, kì í pa iṣẹ́ o, ṣe ló ń dì í mú. Ẹni tó wà nídìí terminal á kàn rí i pé òun tẹ nǹkan tí nǹkan kan ò jáde, kò sí èsì, kò sí àṣìṣe, títí ìbò tó sọnù á fi padà, tí gbogbo ẹ̀ á wá máa lọ láti ibi tó ti dúró. Èmi fẹ́ràn ìwà yẹn púpọ̀. Tó bá jẹ́ Windows ni, iṣẹ́ cluster á kúkú kú, Pacemaker, sọ́fítíwíà cluster ti Linux, náà á dá gbogbo iṣẹ́ dúró tẹ́ ò bá sọ fún un pé freeze (dì í mú) lẹ fẹ́.

Ojútùú DEC fún ẹni tó ní sáfà méjì ni quorum disk: kí dísìkì tí sáfà méjèèjì so mọ́ tààràtà ní ìbò tiẹ̀, fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ QUORUM.DAT ló wà lórí ẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìbò wá di 3, quorum ṣì jẹ́ 2, sáfà kan àti dísìkì ti tó. Gbogbo ẹlẹ́rìí (witness, olùdìbò kẹta tí kì í ṣe sáfà cluster) tá à ń lò lónìí, ọmọ dísìkì yẹn ni.

Dave Cutler tó ṣáájú àwọn tó kọ VMS kúrò ní DEC lọ sí Microsoft lọ́dún 1988, òun ló darí iṣẹ́ Windows NT. Nígbà tó máa di 1997, Microsoft gbé cluster tiẹ̀ jáde fún NT 4.0, Wolfpack lorúkọ tí wọ́n ń pè é kó tó jáde, DEC àti Tandem náà sì wà lára àwọn tó bá wọn dá sí i. Sáfà méjì péré ló gbà. Àmọ́ ibi tí DEC ti fún dísìkì ní ìbò kan nínú mẹ́ta, tibí fún un ní gbogbo agbára, ẹni tó bá di dísìkì mú lọ̀gá. Sáfà tó dì í mú á máa tún un dì mú ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta mẹ́ta, èyí tó bá fẹ́ gbà á á já ìdìmú náà, á wá dúró fún àkókò tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹni àkọ́kọ́ bá wà láàyè á ti tún un dì mú, tí kò bá sí láàyè, ó di tirẹ̀. Ó mọ́gbọ́n dání, ó sì ṣiṣẹ́, àmọ́ tí dísìkì yẹn bá kú, sáfà méjì tí ara wọn le koko máa kú tẹ̀ lé e. Lójú tèmi, ẹ̀yìn ni wọ́n padà sí níbẹ̀ yẹn, ó sì tó 2008 kí dísìkì tó padà di olùdìbò kan láàárín àwọn olùdìbò yòókù.

Àwọn ará Linux gba ọ̀nà mìíràn. Alan Robertson àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó kọ Heartbeat, sọ́fítíwíà cluster kan, nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ sọ pé ìbò nìkan ò tó, torí sáfà lè dákú fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí wọ́n ti dìbò pé ó kú, kó wá jí kó máa bá ìwé tó ń kọ lọ. Nítorí náà kó o tó gbaṣẹ́ ẹnì kan, pa á ná, gé iná ẹ̀. STONITH lorúkọ ẹ̀, ìkékúrú Shoot The Other Node In The Head, ìyẹn yìnbọn fún ìkejì lórí. Ìbò ló ń sọ ẹni tó ní ẹ̀tọ́, STONITH ló ń rí i pé ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ ò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Corosync, sọ́fítíwíà tó ń ka ìbò lórí Linux, tó dé lẹ́yìn náà gbà kí sáfà méjì lo ètò kan tó ń jẹ́ two_node, kí ìbò kan tó, kí ẹni tó bá yára gé iná ẹnìkejì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ó wá ku ìṣòro kan: ẹni tí wọ́n gé iná ẹ̀ á tún tàn, kò rí ẹnìkejì torí wáyà ṣì já, òun náà á gé iná tẹni yẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa pa ara wọn ní ìkọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìdí nìyẹn tí two_node fi ń tan wait_for_all fúnra ẹ̀, pé sáfà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn ò gbọdọ̀ ṣe nǹkan kan àfi tó bá ti rí ìkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa wait_for_all o.

Láti ìgbà yẹn, ibi tí ìbò kẹta ń gbé ló ń yí padà. Ẹlẹ́rìí lè jẹ́ fóldà lórí sáfà mìíràn. Windows 2012 mú dynamic quorum wá, tí ìbò ń dín kù bí sáfà ṣe ń kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, 2012 R2 ní kí ẹlẹ́rìí máa dìbò nígbà tí ìbò rẹ̀ bá wúlò nìkan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ẹ máa fi ẹlẹ́rìí sí i nígbà gbogbo, 2016 gbé e lọ sí Azure, sáfà Microsoft lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, 2019 sì gbà kó wà lórí USB tó wà lẹ́yìn ráútà. Lọ́dọ̀ Corosync, ẹ lè gbé qnetd, ẹlẹ́rìí tiẹ̀, sórí ẹ̀rọ kékeré bíi Raspberry Pi, kò sì ní wàhálà tí nẹ́tíwọ̀kì tó lọ síbẹ̀ bá falẹ̀ díẹ̀.

Dísìkì àti fóldà ò kúkú rí bákan náà o, èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Dísìkì ní ẹ̀dà gbogbo ètò cluster lórí, fóldà ò ní. Ká ní A kú lọ́jọ́ Ajé, ẹ yí nǹkan padà lórí B lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, B wá kú lọ́jọ́rú, A nìkan ló tàn. Tó bá jẹ́ dísìkì ni ẹlẹ́rìí, A á ka ètò tuntun níbẹ̀ á sì máa báṣẹ́ lọ. Tó bá jẹ́ fóldà, fóldà á kàn sọ fún un pé ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ ti di àtijọ́, A ò ní dìde, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Nítorí náà, ẹni tó ní sáfà méjì àti ilé dísìkì tí méjèèjì jọ ń lò, kó lo dísìkì. Ẹni tí sáfà kálukú ní dísìkì tiẹ̀, bíi àwa tá à ń lo Proxmox (sọ́fítíwíà tó ń gbé kọ̀ǹpútà púpọ̀ sínú sáfà kan, tó ń lo Corosync) lọ́fíìsì kékeré, qnetd lórí ẹ̀rọ tó dá dúró ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n lò. Àwọn kan ń bẹ̀rù ẹlẹ́rìí orí íńtánẹ́ẹ̀tì pé tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ ńkọ́, àmọ́ tí òun nìkan bá lọ, sáfà méjèèjì ṣì ní ìbò 2 nínú 3, kò sóhun tó máa ṣe wọ́n. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni nǹkan méjì tó máa ń lọ pọ̀. Tí ẹlẹ́rìí bá wà lórí bátìrì kan náà pẹ̀lú sáfà A, ọjọ́ tí iná bá lọ tí bátìrì yẹn ò gbé e, ìbò méjì ló lọ lẹ́ẹ̀kan, B tí ara ẹ̀ yá á sì dúró. Èyí tó burú jù ni kẹ́ ẹ gbé ẹlẹ́rìí sínú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí cluster náà gan-an, mo ti rí i níbi púpọ̀, tó jẹ́ pé sáfà tó gbé e bá kú, ẹlẹ́rìí ti bá a lọ.

Tẹ́ ẹ bá tò ó tán, kẹ́ ẹ tó gbé iṣẹ́ gidi lé e, ẹ fa wáyà nẹ́tíwọ̀kì yọ lára sáfà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ má gé iná ẹ̀, wáyà nìkan, torí sáfà tó kú rọrùn fún gbogbo cluster, èyí tó ṣì wà láàyè tí kò gbọ́ ohùn ẹnì kan ni ìdánwò gidi. Pẹ̀lú qnetd, òun ló yẹ kó dúró, kí ìkejì sì gbaṣẹ́. Tí àwọn méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ lọ, ẹ padà lọ tẹ àṣẹ corosync-quorumtool kẹ́ ẹ ka iye ìbò tó wà níbẹ̀ lóòótọ́.