Ìrun náfílà ní Yídì lọ́jọ́ ọdún

Ohun tá à ń sọ ni náfílà, ìyẹn ìrun tí kì í ṣe dandan, tí ẹnì kan dá kí fúnra ẹ̀ ní Yídì, pápá tí wọ́n ti ń kírun ọdún, kí lèmọ́mù tó kírun Ìtúnu Ààwẹ̀ tàbí ti Iléyá, tàbí lẹ́yìn tó bá kí i tán. Ìrun ọdún gan-an ràkáà méjì ni, kútúbà ló máa ń tẹ̀ lé e.

L'Abẹ́òkúta ọ̀rọ̀ yìí máa ń jẹ yọ lọ́dọọdún. Èèyàn á ti Láfẹ́nwá tàbí Ìtòkú dé Yídì láàárọ̀, á tẹ́ ẹní, á gbé ọwọ́ sókè pé kóun kí ràkáà méjì bó ṣe máa ń ṣe tó bá wọ mọ́ṣáláṣí, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á fà á láṣọ: "Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í kí náfílà ní Yídì o, ẹ jókòó ká jọ máa ṣe kábárà." Ẹni tó fà á láṣọ yẹn ò ṣì í sọ, torí mazhab Maliki, ìyẹn ìlànà òfin ẹ̀sìn tó wá látọ̀dọ̀ Imam Malik, làwọn àáfà ilẹ̀ Yorùbá bá lọ́wọ́ àwọn baba wọn. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ kírun náà ní àáfà ńlá lẹ́yìn.

Hádíìsì tí gbogbo wọn dìmú ni ti Ibn Abbas, ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim: Ànábì jáde lọ́jọ́ ìtúnu, ó kí ràkáà méjì, kò kírun kankan ṣáájú ẹ̀, kò kí lẹ́yìn ẹ̀. Lójú Maliki, makurúù (ohun tí kò dáa kéèyàn ṣe, àmọ́ tí kì í ṣe èèwọ̀) ni náfílà ní Yídì, ṣáájú àti lẹ́yìn, fún lèmọ́mù àti fáwọn tó ń kírun lẹ́yìn ẹ̀. Nǹkan tó yẹ kéèyàn fara balẹ̀ wò ni pé ibi tí wọ́n ti ń kírun ni wọ́n wò, kì í ṣe ọjọ́ náà. Tí òjò bá lé ìrun ọdún wọ mọ́ṣáláṣí, irú ti Ẹ̀gbá ní Kobiti, kò sí makurúù mọ́, ẹni tó wọlé lè kí náfílà ẹ̀. Nínú Muwatta, ìwé hádíìsì tí Imam Malik kọ, ó mú un wá pé Ibn Umar kì í kírun ṣáájú tàbí lẹ́yìn ìrun ọdún, ó tún mú un wá pé al-Qasim ibn Muhammad máa ń kí ràkáà mẹ́rin kó tó jáde lọ Yídì, àti pé Urwa ibn az-Zubayr máa ń kírun nínú mọ́ṣáláṣí ṣáájú ìrun ìtúnu, èyí tó bá ìyàtọ̀ yẹn mu dáadáa.

Ní ti àwọn mazhab yòókù, Hanafi ní kò dáa ṣáájú ìrun, ì báà jẹ́ nílé, àmọ́ téèyàn bá ti délé lẹ́yìn ìrun, kó kí tiẹ̀. Hanbali sún mọ́ Maliki ní ti Yídì. Shafi'i ló fi ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀ jù: lèmọ́mù nìkan ló jẹ́ makurúù fún.

Nínú àwọn àáfà Saudi láyé òde òní, Ibn Baz ní kéèyàn jókòó tó bá dé Yídì, torí Yídì kì í ṣe mọ́ṣáláṣí. Ibn Uthaymin ní mọ́ṣáláṣí ni, torí nínú hádíìsì Umm Atiyya, Ànábì ní káwọn obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù yẹra fún ibi ìrun náà bí wọ́n ṣe ń yẹra fún mọ́ṣáláṣí, nítorí náà kéèyàn kí ràkáà méjì kó tó jókòó.

Ti ilé lẹ́yìn ìrun ò fi bẹ́ẹ̀ le, Abu Sa'id al-Khudri ní Ànábì máa ń kí ràkáà méjì tó bá padà délé.

Ẹni tó dé Yídì tí wọ́n ti kírun tán, tó wá dá ràkáà méjì ẹ̀ kí pẹ̀lú kábárà mẹ́fà lẹ́yìn kábárà àkọ́kọ́ nínú ràkáà kìíní àti márùn-ún nínú ìkejì, ìrun ọdún tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ló ń kí, Maliki fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un, kò sí lára náfílà tí wọ́n ní makurúù.