Ìtọ̀ tó mọ́ gaara kọ́ ló ń fi hàn pé kíndìnrín ajá dáa

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o. Kí òtútù ṣáà ti mú nílùú ọba níbí, láti bíi oṣù kọkànlá lọ, ajá tó ti dàgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í gan lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, tó bá fẹ́ dìde láàárọ̀ á kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ iwájú, á wá máa wọ́ ìdí tẹ̀ lé e bíi pé ìdí yẹn kì í ṣe tiẹ̀, ibẹ̀ làwọn èèyàn wa á ti dé: "Ẹ fọ kíndìnrín fún un!" Wọ́n ní ìdọ̀tí tí kíndìnrín ò rí yọ ló lọ kó sínú oríkèé. Tíì dandelion ni o, àtalẹ̀ pupa ni o, omi egungun ni o, pé ṣebí ewé ni, kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ti "ewé ni" yẹn, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ilé Yorùbá la ti wá, a mọ̀ pé ewé tó ń woni wà, èyí tó ń pani náà wà.

Ẹ̀rí tí wọ́n máa ń mú wá gan-an ló ń bí mi nínú. Àǹtí kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ajá wọn, Labrador dúdú ọmọ ọdún 12, dúró lẹ́yìnkùlé, ó ń tọ̀ sórí yìnyín. Ó tọ̀, ó tọ̀, mo rò pé ò ní parí mọ́, nígbà tó kúrò níbẹ̀ ihò lásán ló wà lórí yìnyín, kò sí àwọ̀ kankan. Ohùn Àǹtí ń dún lẹ́yìn fídíò: "Ẹ wò ó, bí omi ẹ̀rọ! Kíndìnrín ti mọ́!"

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá rẹ aṣọ mẹkáníìkì sómi, tẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, tí omi tẹ́ ẹ dà nù wá mọ́ gaara bẹ́ẹ̀, ṣé aṣọ ló mọ́ ni àbí ìdọ̀tí ṣì wà lára aṣọ? Iṣẹ́ kíndìnrín ni kó kó ẹ̀gbin inú ẹ̀jẹ̀ jọ sínú omi díẹ̀, kó dá omi tó kù padà fún ara. Ìtọ̀ àárọ̀ ajá tí ara ẹ̀ dá máa ń pọ́n díẹ̀, ó máa ń rùn, ìyẹn ló ń sọ pé iṣẹ́ ń lọ. Kíndìnrín tó ti ń kú ò lè dá omi dúró mọ́, omi á kàn máa gba inú ẹ̀ kọjá, ajá á máa tọ̀ lọ ràì, á wá máa mu omi kó lè rí èyí tó tọ̀ dí. Ẹni tí ò mọ̀ á ní ajá òun ń mu omi dáadáa.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, kì í ṣe pé mo gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Tanímọ̀la, ajá mi tó ti lọ, mo gbé ìtọ̀ ẹ̀ lọ fún vet, dókítà ẹranko, nínú ike jáàmù, vet fi ẹ̀kán kan sórí gíláàsì kékeré kan, ó gbé nǹkan yẹn sójú bí ẹni ń yọjú lójú ihò kọ́kọ́rọ́, ó ní bí ìtọ̀ náà ṣe ki tó jẹ́ 1.010. Omi lásán jẹ́ 1.000. Ajá tí kíndìnrín ẹ̀ le máa ń lè jẹ́ kí tiẹ̀ ki ju 1.030 lọ tí ara bá ń fẹ́ fi omi pamọ́. 1.010 túmọ̀ sí pé bí omi yẹn ṣe jáde látinú ẹ̀jẹ̀ náà ló ṣe dé ìta, kíndìnrín ò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kàn án. Kí àmì yìí tó hàn, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta kíndìnrín ti máa ń lọ. Creatinine, ẹ̀gbin kan tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀, tún pẹ́ jù ú lọ, kíndìnrín tó ti lọ máa ń tó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kó tó gòkè. Ajá á sì ti máa jẹun, á máa ju ìrù, ní gbogbo àsìkò yẹn.

Mi ò sọ pé gbogbo ajá tí ìtọ̀ ẹ̀ mọ́ ló ní àrùn kíndìnrín o. Ó lè jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mumi ni, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ, ó lè jẹ́ oògùn tó ń lò, kódà tíì dandelion yẹn fúnra ẹ̀, torí kó lè mú èèyàn tọ̀ ni wọ́n ṣe ń mu ún láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ wá rò ó wò: ẹ fún ajá ní nǹkan tó ń múni tọ̀, ó tọ̀, ẹ ní ó ti mọ́.

Ti oríkèé, kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀. Tìmùtìmù tó wà láàárín egungun méjì ló ń jẹ, òtútù wá ń jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ le. Bẹ́ẹ̀dì tó nípọn, tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, ìrìn kúkúrú lẹ́ẹ̀mẹta dípò gígùn lẹ́ẹ̀kan, epo ẹja ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ẹ̀rí àtalẹ̀ pupa lára ajá ò lágbára. Èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni èyí tẹ́nikẹ́ni ò fẹ́ gbọ́: ẹ dín oúnjẹ kù. Wọ́n fi Labrador 48 ṣe ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2002, bí ìkan bá jẹ abọ́ mẹ́rin, èkejì ẹ̀ jẹ mẹ́ta. Àwọn tó jẹ mẹ́ta lo nǹkan bí ọdún 13 láyé, àwọn tó jẹ mẹ́rin lo 11 àti díẹ̀, làkúrègbé sì pẹ́ kó tó dé bá àwọn tó jẹ mẹ́ta.

Ibi tí kíndìnrín àti oríkèé ti pàdé lóòótọ́ ni oògùn ìrora. Ẹ má fún ajá ní ibuprofen yín, ó lè ba ikùn àti kíndìnrín ẹ̀ jẹ́, èèpo igi willow tí wọ́n ń tà pé àdáyébá ni, ìdílé kan náà ni òun àti aspirin. Omi egungun tẹ́ ẹ fi àlùbọ́sà sè, ẹ gbé e kúrò níwájú ẹ̀. Kéèkì Kérésìmesì tó ní èso àjàrà gbígbẹ, ẹ gbé e sókè, ó ń pa kíndìnrín. Antifreeze, omi tí wọ́n ń dà sínú mọ́tò kí òtútù má bàa mú un dì, tó bá jò sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò, ó dùn lẹ́nu wọn, díẹ̀ ti tó. Tí ajá bá sì ń tọ̀ sínú ilé lóru, ẹ má ṣe gbé abọ́ omi kúrò, mo bẹ̀ yín, ìyẹn lẹni tó ń sá fún fífọ kápẹ́ẹ̀tì máa ń ṣe, omi yẹn ló gbé ajá náà ró.

Mo ní kí Àǹtí fi jọ́ọ̀gì wọn omi tí ajá ń mu láàárín wákàtí 24. Ajá náà wúwo tó kílò 34, tó bá ti kọjá mìlílítà 100 fún kílò kan, ìyẹn lítà mẹ́ta àti díẹ̀, kí wọ́n pe vet. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi fóònù ránṣẹ́: lítà mẹ́rin. Wọ́n ti gba ọjọ́ fún Tuesday, vet ti ní kí wọ́n mú ìtọ̀ àárọ̀ ajá náà dání. Wọ́n wá ní ìbéèrè kan, pé ṣé àwọn lè máa fún un ní tíì yẹn títí di Tuesday, torí ewé ṣáà ni.