Abẹ́ Igi Àgíà ni Wíwá Ìṣọ̀kan Ìjọ ti Bẹ̀rẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan àwọn ìjọ Kristẹni bá ti délẹ̀, ìpàdé àwọn míṣọ́nnárì ní Edinburgh ní 1910 ni ọ̀pọ̀ òpìtàn máa ń nàka sí. Ìpàdé ńlá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Àgbádárìgì fi ọdún méjìdínláàádọ́rin ṣáájú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 1842, Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú William de Graft. Ìjọ Elétò, ìyẹn Methodist, ló rán wọn. Abẹ́ igi àgíà ni wọ́n ti wàásù, igi ràbàtà tó dúró títí di ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà 1959 kó tó wó. Freeman wọ Abẹ́òkúta lọ, Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tó padà sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ó bá Henry Townsend tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, rán wá láti Freetown ní Sierra Leone. Àwọn méjèèjì jọ ṣọdún náà ni. Ọdún tuntun wọlé tán, Townsend náà forí lé Abẹ́òkúta, ní ọ̀nà tí Freeman ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn.

Kí ni wọ́n bá ara wọn sọ? Ó ṣeé ṣe kí Freeman ti sọ bí ojú ọ̀nà ṣe rí fún un àti irú èèyàn tí Ṣódẹkẹ́ jẹ́. Bóyá wọ́n tilẹ̀ ti jíròrò bí ìjọ kan kò ṣe ní í máa gba ọmọ ìjọ kejì. Ohun tó mú èrò yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni àwọn tó pè wọ́n wá. Àwọn Sàró ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n tú sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú sí Sierra Leone, tí wọ́n sì padà wálé. Ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, ló kọ̀wé sí Freetown láti Àgbádárìgì ní 1841 pé kí wọ́n rán oníwàásù wá. Ẹni tí ọkọ̀ ẹrú kan náà kó, ìwé orin kò lè tètè yà wọ́n.

Orúkọ náà jẹ́rìí sí i. Inú "jọ" ni "ìjọ" ti wá, bí a ṣe ń sọ pé a jọ jẹun, a jọ lọ. Ohun tí ojú àwọn baba wa rí ni wọ́n fi sọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lórúkọ: Elétò, nítorí ètò, Onítẹ̀bọmi, nítorí odò, Àgùdà, nítorí àwọn tó ti Brazil bọ̀. Àpèjúwe ni wọ́n, wọn kì í ṣe orúkọ ìjà. Bíbélì Yorùbá náà pé ní 1884, pẹ̀lú ààmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, tí ìpàdé Èkó ní 1875 ti jíròrò rẹ̀. Elétò kà á, Onítẹ̀bọmi kà á, Áńgílíkà kà á. Kò sí àdéhùn ìṣọ̀kan tó lágbára tó o.

Ìyapa ni kò pẹ́ dé. Ní Èkó ní 1888, ọ̀rọ̀ owó oṣù pásítọ̀ Moses Ladejo Stone dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn Onítẹ̀bọmi, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ sì dá Native Baptist sílẹ̀. United Native African Church tẹ̀ lé e ní 1891. Ní 1901 àwọn ará St. Paul's Breadfruit, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan l'Ékòó, jáde, wọ́n dá African Church sílẹ̀. James Johnson, àlùfáà wọn tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń jà fún, kò bá wọn lọ. Àwọn Onítẹ̀bọmi ló kọ́kọ́ tún ara wọn rí: ní Ìbàdàn ní 1914, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún gbogbo ìjọ wọn, Mojola Agbebi, ọ̀kan nínú àwọn tó ya lọ ní 1888, sì di ààrẹ àkọ́kọ́.

Ètò ńlá tó fẹ́ pa Áńgílíkà, Elétò àti Presbyterian pọ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1965 kò dé ibi tó ń lọ. Ilẹ̀ ni ìṣòro kan: orúkọ àwọn alábòójútó ìjọ kan ló wà nínú ìwé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, èèyàn kò sì lè yí i padà láìsí lọ́yà àti ìfọwọ́sí. Ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù ni èkejì. Lójú Áńgílíkà, ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù ló ń fi àlùfáà joyè. Bí àlùfáà Elétò tó ti ń pín ara Olúwa láti ogún ọdún bá wá kúnlẹ̀ níwájú bíṣọ́ọ̀bù, kí la fẹ́ pe gbogbo èyí tó ti pín látẹ̀yìn wá? Kù díẹ̀ kí ọjọ́ pé, àwọn Elétò kan l'Ékòó fárí gá. Wọ́n sún un síwájú, kò sì ṣẹlẹ̀ mọ́. Ní 1976 Elétò fúnra wọn gba bíṣọ́ọ̀bù, ìyẹn tún là wọ́n sí méjì títí di 1990.

Ṣùgbọ́n Immanuel College tí Áńgílíkà àti Elétò jọ dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1958 kò bá ètò náà wó. Inú kíláàsì kan náà làwọn ọmọ ìjọ méjèèjì ti ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà.